Yàrá iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń mú gbóná: bí ẹ ṣe lè la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́

Bí yàrá iṣẹ́ bá ti gbóná, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń ṣe ni pé a ó lọ ra fáànù. Bó bá tún gbóná, a ó ra ìkejì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún kan báyìí n'Ìbàdàn, fáànù kan wà níwájú mi, ọ̀kan wà lẹ́yìn mi, òógùn ṣì ń kán tó tó sórí kíbọ́ọ̀dù. Ìgbà tí mo gbé tẹmómítà sórí tábìlì ni ojú mi tó là. Ìta, lábẹ́ ibòji, jẹ́ dígírì 32. Inú yàrá jẹ́ 39. Fáànù méjèèjì ń ṣiṣẹ́ o, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Ooru kan náà ni wọ́n kàn ń rò yípo bí ẹni ń ro àmàlà.

Fáànù kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Òógùn ara wa ló ń bá wa fẹ́ gbẹ, òun ló fi ń tù wá lára. Kọ̀ǹpútà ò láàógùn ní tiẹ̀. Ohun tí ooru rẹ̀ ń wá ni ọ̀nà tó máa gbà jáde, àti afẹ́fẹ́ mìíràn tó máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yẹn la fẹ́ là. Yàrá tí mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ mítà 3 lóròó, mítà 3 níbùú, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.7. Fèrèsé lúfà kan ló ní, àti ilẹ̀kùn kan tó ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí tiyín bá fẹjú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò kan náà ni.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

- Tẹmómítà méjì, èyí tó ń lo bátìrì tó sì ń kọ nọ́ńbà. Kí àwọn méjèèjì jẹ́ irú kan náà.
- Tépù ìwọ̀n, bíró àti ìwé.
- Tíṣù pélébé kan, àti tùràrí onígi bíi mẹ́ta.
- Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, àmọ́ kó jẹ́ tuntun, àti súkúrúdíráfà.
- Fáànù onídùúró tó wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ẹ má tíì ra nǹkan mìíràn. Ẹ gbé tẹmómítà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìdajì wákàtí ná. Bí ọ̀kan bá fi dígírì 1 ju èkejì lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè máa yọ ọ́ kúrò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ooru tó wà nínú yàrá

Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Bó bá jẹ 200 wáàtì, ẹ máa wò ó bíi pé ẹ tan ààrò oníná kékeré tó jẹ́ 200 wáàtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ara èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ náà ń tú nǹkan bíi 100 wáàtì síta. Àlejò méjì tó bá wá jókòó tì yín ti fi 200 kún un kí ẹ tó bu omi fún wọn mu.

Ẹ lè rí iye wáàtì tó pọ̀ jù tí wọ́n lè jẹ kà lára ṣájà laptop àti lẹ́yìn monitor. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì. Wọ́n á rí 500 tàbí 650 tí wọ́n kọ sára power supply rẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún un, ẹ̀rù á bà wọ́n. Ohun tó lè gbé dé òkè ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń jẹ lójoojúmọ́. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n máa ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ki ẹ̀rọ bọ inú òun náà. Bí ẹ bá rí yá lọ́wọ́ oníná, òun ló dára jù.

Tèmi rèé, nígbà tí mo bá ń to fídíò: kọ̀ǹpútà ńlá 180, monitor méjì, 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 50, laptop tó wà lórí ṣájà 50, router 10, gílóòbù 10, èmi alára 100. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400.

Wàyí o, ẹ sọ wáàtì yín di ìlọ́po 3. Ẹ wá pín in sí iye dígírì tí ẹ lè fara mọ́ pé kí inú yàrá fi gbóná ju ìta lọ. Ohun tó bá jáde ni iye afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ gba inú yàrá kọjá ní wákàtí kan, ní kúbíìkì mítà, èyí tí wọ́n ń kọ ní m³/h sára páálí fáànù. Dígírì 3 ni mo fara mọ́. Nítorí náà, 400 × 3 jẹ́ 1,200; mo pín in sí 3, ó ku 400. Inú yàrá mi ò gbà ju kúbíìkì mítà 24 lọ. Ìyẹn ni pé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde tán kí tuntun sì wọlé ní bí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ rí i pé ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ ò lè ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ní dígírì 1 péré lòun fẹ́, iye afẹ́fẹ́ náà á di 1,200. Ìjì nìyẹn, àwọn ìwé orí tábìlì á fò. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí inú yàrá tutù ju ìta lọ, AC lẹ ń wá, ìtọ́sọ́nà yìí kọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé tẹmómítà kan sórí tábìlì, kó má sún mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé èkejì síta níbi tí oòrùn ò ti lè kàn án. Ẹ ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán. Ẹ kọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Bí kò bá tó 3, ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kọ́ ló ń gbóná yẹn. Ẹ fo gbogbo èyí, ẹ lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ páànù nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dín in kù kí ẹ tó lé e

Èyí ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara fáànù inú rẹ̀ àti ti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan di apá fáànù náà mú kó má bàa yí. Bó bá ń sáré yí nígbà tí ẹ ń fẹ́ ẹ, ó lè bàjẹ́. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é o. Mo ti rí ẹni tó gbá eruku kọ̀ǹpútà sínú yàrá tí fáànù wà ní títàn: eruku náà padà wọ inú kọ̀ǹpútà kó tó dé ilẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà bá wà nínú àpótí abẹ́ tábìlì tó ní ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde. Káfíńtà tó ṣe tábìlì yẹn ò rò ó pé ohun tó ń mí ni wọ́n máa gbé sínú rẹ̀. Laptop ò gbọ́dọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, torí abẹ́ rẹ̀ ló fi ń mí. Nígbà tí ẹ bá dìde lọ jẹun, ẹ jẹ́ kó sùn. Àwòrán tó ń rìn lójú monitor kì í ṣe oorun.

Inverter àti bátìrì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yìí rárá. Inverter fúnra rẹ̀ ń fi lára iná tó ń gbé wá ṣòfò, ooru sì ni òfò náà ń dà. Ti bátìrì olómi tún le jù bẹ́ẹ̀: bó bá ń gba iná, ó ń tú gáàsì hydrogen jáde, bí gáàsì yẹn bá sì ti kó jọ dé ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ẹta iná kékeré kan ti tó láti mú un gbiná. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà dáadáa, kí òkè ibẹ̀ má ṣe dí, nítorí òkè ni gáàsì náà ń lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ gbé ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ wá pẹ̀lú agbára, kí ariwo rẹ̀ sì ti dín kù sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà

Ibí yìí ló ń ya ẹni tó máa yege sọ́tọ̀, ibẹ̀ náà sì lèèyàn kì í fẹ́ lo àkókò sí.

Ẹ mú ìgò òfìfo, ẹ dojú rẹ̀ bọ inú garawa omi. Omi ò ní kún inú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ò rọ́nà jáde. Bí yàrá onífèrèsé kan ṣe rí nìyẹn bí ilẹ̀kùn bá tì. Atẹ́gùn lè máa fẹ́ níta títí tí ewé máa fi já, kò ní wọlé bá yín.

Ẹ ya tíṣù kó fẹ̀ tó ìka kan, kó gùn tó apá. Ẹ dì í mú lókè fèrèsé, lẹ́yìn náà nísàlẹ̀ fèrèsé, lẹ́yìn náà lókè àti nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ibi tó kọjú sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ tún ṣe é nígbà tó ṣí. Nígbà tí tèmi tì, tíṣù tẹ̀ síta díẹ̀ lókè fèrèsé, ó tẹ̀ sínú díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà àti ti àbájáde. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ó fò lọ sínú láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ má fi ti ọjọ́ kan ṣe òdiwọ̀n. Lápá ọ̀dọ̀ wa, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá jù nínú ọdún. Bó bá di ìgbà ọyẹ́, ìhà àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń wá pẹ̀lú eruku lọ́wọ́. Ọ̀nà ìwọlé tó dára lóṣù keje lè di ọ̀nà eruku lóṣù kìíní.

Ìkìlọ̀ tó ju gbogbo rẹ̀ lọ wá nìyí. Ẹni tó bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú yàrá, ó ń fa òmíràn wọlé láti ibì kan. Ẹ mọ ibẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ fáànù sójú fèrèsé, inú mi dùn gan-an torí yàrá tutù. Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́ tí iná lọ, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé: jẹnẹrétọ̀ bàbá tí a jọ ń gbélé wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, fáànù mi, tí inverter ń gbé ṣiṣẹ́, sì ń fa gbogbo èéfín rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sún jẹnẹrétọ̀ yìí sí ọ̀hún. Èéfín rẹ̀ ń wọlé bá mi."

"Èéfín kẹ̀, ọmọ mi? Èmi tí mo dúró tì í, n ò gbóòórùn nǹkan kan."

Bàbá ò parọ́. Carbon monoxide tó ń pa èèyàn nínú èéfín náà ò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní mítà 6 ó kéré tán, nǹkan bí ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu sálẹ́ǹsà rẹ̀ sì kọ̀yìn sí ilé. Bí àyè ò bá gbà á, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní títàn, fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Agogo oníbátìrì tó ń pariwo bí carbon monoxide bá wọlé wà lọ́jà. Bí ẹ bá ń lo fáànù yìí nínú ilé táwọn ènìyàn ti ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ rà á ṣáájú fáànù. Ẹ tún wo kíṣìnì àti ṣalángá. Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń mọ ọbẹ̀ tí ìyá onílé ń sè ṣáájú àwọn ọmọ ìyá náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ya àwòrán yàrá sínú ìwé, kí ẹ fi ọfà tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Bí ọfà ìwọlé àti ti ìjáde bá wà lójú fèrèsé kan náà, ẹ ò tíì rí ọ̀nà méjì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣí ọ̀nà ìwọlé kó fẹ̀ tó

Fún 400 kúbíìkì mítà ní wákàtí kan, ẹ nílò ihò tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, ó kéré tán. Àwọn èèyàn á ní, "Ṣebí abẹ́ ilẹ̀kùn là sílẹ̀?" Ẹ wọ̀n ọ́n. Abẹ́ ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó là ní sẹ̀ǹtímítà 2, jẹ́ 160. Ihò ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan lé ní 900. Kí ẹ tó rí 900 yẹn, ẹ ó nílò ilẹ̀kùn bíi mẹ́fà.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ fi ìkọ́ di ilẹ̀kùn mú kó ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀. Bí ariwo àwọn ọmọ ò bá jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe, káfíńtà lè gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kó to pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ ní dídàgẹ̀ẹ́rẹ́, kó sì kan nẹ́ẹ̀tì sí inú rẹ̀. Ẹni tó ní fèrèsé méjì lógiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti jàǹfààní: kó lo èyí tó wà níbòji fún ìwọlé. Ìsàlẹ̀ ni kí ìwọlé wà, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti tutù jù. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ tọ́jú pátákó tí ẹ gé kúrò pẹ̀lú.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló ń fọwọ́ rọ́ gbogbo làálàá yìí sẹ́yìn láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Nẹ́ẹ̀tì tó mọ́ pàápàá ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́; èyí tí eruku ti dì mọ́, ògiri ni. Ẹ má yọ ọ́ dànù, ibà ò ṣeé fi ṣeré. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì jẹ́ kí ihò náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ láti fi dípò ohun tí nẹ́ẹ̀tì ń gbà.

Gíláàsì lúfà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja bí tábìlì. Fèrèsé tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ kì í ṣí ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìdajì yẹn ni kí ẹ wọ̀n.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ di tíṣù mú síwájú nẹ́ẹ̀tì ọ̀nà ìwọlé. Ẹ ṣí nẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹ tún wò ó. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ gan-an, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ la ọ̀nà àbájáde, òkè ni kó wà

Ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà. Fáànù onídùúró tó wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, kó máa fẹ́ síta. Ẹ gbé e sókè bó bá ṣe lè ga tó, nítorí abẹ́ àjà ni ooru ń kó jọ sí. Ẹ má fi í lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ẹ sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè gbòòrò kún ojú fèrèsé. Ẹ ṣí ọ̀nà ìwọlé, ẹ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ wo tẹmómítà.

Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn bíi kí wọ́n yí fáànù padà kó máa fẹ́ sí àwọn lójú. Ẹ ní sùúrù. Ara yín lè má tètè mọ̀ ọ́n, tẹmómítà á mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo dán tèmi wò, ìyàtọ̀ 7 di 4 kó tó di ìrọ̀lẹ́, n ò sì tíì ná nǹkan kan.

Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ wá lè ra fáànù tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, èyí táwọn oníná ń pè ní extractor. Ẹ má fi ẹnu ra á pé "ẹ fún mi ní onínǹṣì 8". Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀. Bó bá jẹ́ m³/h ni wọ́n kọ, ó ti yé wa. Bó bá jẹ́ CFM ni wọ́n kọ, ìyẹn kúbíìkì ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7. Ẹ wá èyí tó fi ìdajì ju ohun tí ìṣirò yín gbé jáde lọ, nítorí ibi tí kò sí nẹ́ẹ̀tì tàbí ìdènà kankan ni wọ́n ti wọn nọ́ńbà orí páálí. Èmi tí mo nílò 400, mo wá 600. Láàárín fáànù kékeré tó ń sáré bí ọ̀kadà àti ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́, ẹ mú ńlá. Ẹ ó máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá yẹn. Kí ó ní ìdérí tó ń pa dé fúnra rẹ̀ bí fáànù bá kú, kí òjò àti ọmọńlé má bàa wọlé.

Ayálégbé ò nílò láti lu ògiri. Ohun tí mo ṣe rèé. Mo yọ gíláàsì lúfà tó wà lókè pátápátá, iye tó máa gba fáànù náà, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn, mo kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà gé plywood onídajì ínǹṣì kó bá ojú ibẹ̀ mu, ó gé ihò róbótó sí i, ó fi nọ́ọ̀tì de fáànù mọ́ ọn. A fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, a sì kun plywood náà lọ́dà nítorí òjò. Irin fèrèsé ò kúrò níbi tó wà. Ọjọ́ tí mo bá kó jáde, mo dá gíláàsì padà sí àyè rẹ̀.

Oníná ni kó so wáyà rẹ̀, kó sì ní súìṣì tirẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí òjò ń ta sí, ẹ má gbà á. Ẹ sì dúró tì í. Ẹni tó kàn tèmi, ẹ̀yìn ló fi síwájú. Odidi ọjọ́ méjì ni fáànù fi ń fẹ́ ooru páànù ilé kejì wọlé bá mi tí mo rò pé ojú ọjọ́ ló burú. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ọfà kékeré kan wà tó ń tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Síta ni kó tọ́ka sí.

*Àyẹ̀wò:* Mẹ́ta ni. Èkíní, tíṣù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú fáànù láti inú yàrá láìjẹ́ pé ẹ dì í mú. Èkejì, ẹ gbé tíṣù sí àwọn lúfà tó kù lábẹ́ fáànù náà. Bó bá ń tẹ̀ sínú, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló ń padà wọlé lójú kan náà. Ẹ pa àwọn lúfà yẹn dé. Èyí gan-an ló máa ń sọ fáànù olówó iyebíye di aláìwúlò, nítorí ó máa ń ṣòro fún wa láti gbà pé kí á pa fèrèsé dé kí yàrá lè tutù. Ẹ̀kẹta, bí kì í bá ṣe ilẹ̀kùn ṣíṣí ni ọ̀nà ìwọlé yín, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá rọra ṣí i. Bó bá ń fà bíi pé ẹnì kan dì í mú, ọ̀nà ìwọlé yín ṣì kéré, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ to tábìlì sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́

Kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ kàn yín, kó tó kan kọ̀ǹpútà, kó tó jáde. Ní yàrá tèmi, ilẹ̀kùn ni ìwọlé, nítorí náà mo kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà wà láàárín èmi àti fèrèsé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí fèrèsé. Tẹ́lẹ̀, òdì rẹ̀ ni mo ṣe, torí mo fẹ́ràn láti máa wo ẹnu ilẹ̀kùn: gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá tú jáde, àyà mi ló ń gbà kọjá. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín wọn.

Fáànù onídùúró yín ti wúlò báyìí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó máa fẹ́ sí yín lára, kó sì kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Bí ó bá kọjú sí ilẹ̀kùn, òun àti ti fèrèsé á máa bá ara wọn jà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan tùràrí kan, ẹ dì í mú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kó jìnnà sí kọ́tìnì àti wáyà. Èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí fáànù òkè fèrèsé. Bó bá yí padà wá bá yín, ẹ sún tábìlì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa lọ. Nígbà tí mo ṣe èyí, ó gbà mí ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré.

Ìgbésẹ̀ 7: Àkókò, páànù, àti AC

Láti ìdájí títí di bí aago mẹ́jọ ni ìta tutù jù. Ẹ tan fáànù náà nígbà yẹn kódà bí ẹ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ògiri lè tutù. Iṣẹ́ tó bá máa mú kí kọ̀ǹpútà sáré fún wákàtí mẹ́ta, ẹ fi í sí alẹ́.

Ẹ gbé tẹmómítà kan sí abẹ́ àjà ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà wà ní pípa. Bí ibẹ̀ bá gbóná ju orí tábìlì lọ dáadáa, páànù ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fáànù ògiri ò lè wo ìyẹn sàn tán. Ihò afẹ́fẹ́ lábẹ́ ìyọrí òrùlé, kí ooru inú àjà lè jáde, ni oògùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ onílé sì nìyẹn.

Ẹni tó bá ní AC, kó rántí pé irú èyí tí wọ́n ń pín sí méjì, inú ilé àti ìta, kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Èyí tó wà nínú yàrá náà ló ń tútù. Bí ẹ bá ti ara yín mọ́ ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, oorun tó ń kùn yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ pa AC, ẹ tan fáànù òkè fèrèsé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó padà sí i. Ẹ má tan méjèèjì pọ̀. Ẹ ó kàn máa fi owó iná tu àdúgbò lára ni.

*Àyẹ̀wò ìkẹyìn:* Ẹ tún ìdánwò ìgbésẹ̀ 1 ṣe, wákàtí kan náà, iṣẹ́ kan náà, fún ọjọ́ mẹ́ta. Tèmi: ìta 33, inú 36. Bí tiyín bá ṣì ju 3 lọ, ẹ tún wáàtì kà, ó lè jẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọn ọ̀nà ìwọlé. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí kọ́ sára ògiri. Nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìyàtọ̀ tèmi padà di 5, mo ti ń ronú àtira fáànù tuntun. Mo yọ nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀kùn, mo fọ̀ ọ́, omi rẹ̀ pọ́n bí agbo ibà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti padà sí 3.